TSH ẹ̀gbọ́n mi dára, oorun ò sì kúrò lójú rẹ̀: ṣé kókó orí yẹn ló ń padà bọ̀?

Ìbéèrè, láti ọ̀dọ̀ àbúrò kan ní Mọ́níyà:

Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ẹni ọdún 41, ni wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún ní ọdún méjì àti ààbọ̀ sẹ́yìn. Kókó kan ló wà nísàlẹ̀ ọpọlọ rẹ̀. Wọ́n yọ èyí tí wọ́n lè yọ, wọ́n sì fi radiotherapy, ìtọ́jú ìtànṣán, ọ̀sẹ̀ mẹ́fà lé e. Ó gbádùn, ó padà sídìí fóònù tó ń tún ṣe. Láti bí oṣù márùn-ún ni oorun ò ti kúrò lójú rẹ̀ mọ́. Á wọ súwẹ́tà lọ́sàn-án gangan nínú oòrùn Ìbàdàn yìí. Ìgbẹ́ rẹ̀ le, ohùn rẹ̀ há, bí ẹ bá bi í ní nǹkan, ẹ máa dúró kó tó dáhùn. A ṣe àyẹ̀wò táírọ́ìdì, TSH jẹ́ 1.9, wọ́n ní kò sí nǹkan tó ṣe táírọ́ìdì rẹ̀. A ṣe MRI, àwòrán inú orí, wọ́n ní kókó náà ò dàgbà sí i. Ìyàwó rẹ̀ ní ìrònú ni. Màmá wa ní iṣẹ́ ayé ni. Owó ti ń tán lọ́wọ́ wa. Ṣé ká dákẹ́ ni, àbí àyẹ̀wò míì ṣì wà?

* * *

Ẹ má tíì dákẹ́. TSH nìkan kò lè sọ bí táírọ́ìdì ẹ̀gbọ́n yín ṣe wà, nítorí ibi tí kókó rẹ̀ wà gan-an ni TSH, họ́mónù tó ń pàṣẹ fún táírọ́ìdì, ti ń jáde.

Láàbù ni mo ti ń ṣiṣẹ́, ọdún kẹrìnlá rèé, kò sì sí ọjọ́ tí ìwé àbájáde táírọ́ìdì kì í gba ọwọ́ mi kọjá. Ẹ̀gbọ́n màmá mi náà ní irú kókó yìí, màá sọ tiwọn tó bá yá.

Táírọ́ìdì ni ẹran tó tẹ́ sí iwájú ọ̀fun, níbi tí gẹ̀gẹ̀ ti ń yọ. T4 àti T3 ló ń tú sínú ẹ̀jẹ̀. Àwọn ló ń sọ bí ara yóò ṣe móoru tó, bí ọkàn ṣe máa lù, bí ìfun ṣe máa ti oúnjẹ síwájú, bí èèyàn ṣe máa tètè ronú. Ṣùgbọ́n kì í dá ṣiṣẹ́. Pituitary, tí kò ju hóró ẹ̀wà lọ, tó so rọ̀ sísàlẹ̀ ọpọlọ lẹ́yìn imú, ló ń fi TSH pàṣẹ fún un.

Ẹ fi wé ọ̀gá bíríkìlà àti lébírà. Bí lébírà bá ń fiṣẹ́ falẹ̀, ọ̀gá á pariwo: TSH á gòkè. Ohun tí à ń rí lára àwọn tí táírọ́ìdì wọn fúnra rẹ̀ dẹnu kọlẹ̀ nìyẹn, T4 á wálẹ̀, TSH á fò sókè, nígbà míì á ju 50 lọ. Bí iṣẹ́ bá ń lọ dáadáa, ọ̀gá á rọra máa sọ̀rọ̀, TSH á wà láàárín nǹkan bíi 0.4 sí 4.

Bí ọ̀gá fúnra rẹ̀ ò bá lóhùn mọ́ ńkọ́? Lébírà á jókòó, sìmẹ́ǹtì á gan sínú páànù, ẹ ò sì ní gbọ́ ariwo kankan. Ẹni tó wà níta tó ń fi ariwo mọ bí iṣẹ́ ṣe ń lọ á ní kò séwu. Bí TSH 1.9 ṣe rí nìyẹn lára ẹni tí kókó, iṣẹ́ abẹ tàbí ìtànṣán ti ba pituitary rẹ̀ jẹ́. Ó lè wálẹ̀, ó lè wà láàárín, ó tiẹ̀ lè ga díẹ̀, nítorí pituitary tó ti gbọgbẹ́ lè máa tú TSH tí ẹ̀rọ ń rí kà jáde, kó má sì lágbára iṣẹ́.

Free T4, ìyẹn T4 tí kò so mọ́ nǹkan kan nínú ẹ̀jẹ̀, tí ara lè lò, ni kí ẹ ní kí wọ́n ṣe, pẹ̀lú TSH, nínú ẹ̀jẹ̀ kan náà. Kí wọ́n ṣe cortisol àárọ̀, họ́mónù tí ara fi ń kojú ìnira, mọ́ ọn, láàárín aago mẹ́jọ sí mẹ́sàn-án. Ẹ má fi cortisol yẹn sílẹ̀, ìdí rẹ̀ ń bọ̀.

* * *

Mo ti ka ohun tí gbogbo yín kọ sábẹ́ ìbéèrè yìí láti àná. Ọ̀pọ̀ ló ní àárẹ̀ radiotherapy ni, kí wọ́n jẹ́ kó sinmi. Bàbá tó ń kọ̀wé láti Àpáta ní àwọn náà gba ìtànṣán, àwọn sùn fún oṣù mẹ́ta gbáko, ó sì lọ fúnra rẹ̀.

Àárẹ̀ yẹn wà, mi ò bá bàbá jiyàn. Ṣùgbọ́n ẹ wo ìgbà tó dé. Àárẹ̀ ìtànṣán sábà máa ń bá ìtọ́jú náà wọlé, tàbí kó dé ní oṣù mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀, lẹ́yìn náà á máa fúyẹ́. Ti ẹ̀gbọ́n yìí gbádùn fún ọdún méjì kó tó bẹ̀rẹ̀. Ìwà pituitary tí ìtànṣán bà nìyẹn. Kì í kú lọ́jọ́ kan, ńṣe ló ń rọ: ó lè gba ọdún kan, ó lè gba márùn-ún, ó lè gba mẹ́wàá. Họ́mónù ìdàgbàsókè ló sábà máa ń kọ́kọ́ lọ, àwọn họ́mónù ọkùnrin àti obìnrin á tẹ̀ lé e, lẹ́yìn náà cortisol àti TSH. Bí ìtànṣán tó dé ibẹ̀ bá ti ju 30 Gray, òṣùwọ̀n ìtànṣán, lọ, ewu pé TSH á bá a lọ ti pọ̀ nìyẹn. Ọ̀sẹ̀ mẹ́fà tí wọ́n fi tọ́jú kókó ìsàlẹ̀ ọpọlọ sì sábà máa ń tó 50 sókè. Nítorí náà ẹni tó bá gba ìtànṣán sórí, ọdọọdún ló yẹ kó máa gba ẹ̀jẹ̀ họ́mónù, bí ara rẹ̀ le bí kò le.

Ìyá Ìbejì, ẹ bèèrè nípa ọmọ yín ọlọ́dún mẹ́sàn-án tó ní medulloblastoma, kókó ọpọlọ kan tó sábà máa ń mú ọmọdé. Ọ̀nà méjì ni ewu tirẹ̀ lè gbà wá, nítorí ìtànṣán tí wọ́n fi sí ọ̀pá ẹ̀yìn máa ń dé táírọ́ìdì fúnra rẹ̀ lọ́rùn. Lébírà lè gbọgbẹ́, ọ̀gá lè gbọgbẹ́. Kí ẹ lè mọ̀ bóyá ó ń dàgbà, ẹ jẹ́ kó dúró ti ògiri lóṣù mẹ́ta mẹ́ta, kí ẹ fi ṣọ́ọ̀kì sàmì sí ibi tí orí rẹ̀ dé. Bí àmì méjì bá wà lójú kan náà, ẹ mú un lọ, ẹ má dúró de ọjọ́ àpọ́ìntìmẹ́ǹtì.

* * *

Sí ìyàwó àti màmá: ẹ má bá wọn jà. Ẹni tí T4 rẹ̀ wálẹ̀ máa ń rí bí ẹni tó ń ronú lóòótọ́, kò ní í fẹ́ sọ̀rọ̀, ojú rẹ̀ á wú, kò ní í rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí màmá máa gbàdúrà wọn, kí ẹ sì gba ẹ̀jẹ̀.

* * *

Àbúrò tí ìyàwó rẹ̀ wà ní wọ́ọ̀dù, mo rí ìwé tí ẹ gbé síbí. T3 ló wálẹ̀. T4 àti TSH wà láàárín. Ọjọ́ kẹrin lẹ́yìn iṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ ni wọ́n gba ẹ̀jẹ̀ náà, ó sì ń lo dexamethasone lọ́wọ́ nítorí ọpọlọ tó wú. Ẹ ní ẹ ti ra levothyroxine, hóró T4, ní kẹ́míìsì, ẹ fẹ́ mọ ìgbà tí ẹ máa bẹ̀rẹ̀.

Ẹ jọ̀wọ́, ẹ má fún un.

T4 ni táírọ́ìdì ń ṣe jù, ara ló ń yí i padà sí T3 tó lágbára. Nígbà tí ara bá wà nínú ìjà ńlá, ì báà jẹ́ iṣẹ́ abẹ, àìsàn líle tàbí ebi ọjọ́ púpọ̀, á dín ìyípadà yẹn kù, bí ilé tó ń ṣọ́ epo jẹnẹrétọ̀ lò nígbà tí epo bá wọ́n. Dexamethasone náà máa ń dí i lọ́wọ́, ó sì máa ń tẹ TSH mọ́lẹ̀. Kò sí ohun tó ṣe táírọ́ìdì ìyàwó yín nínú ìwé yẹn. Ẹ jẹ́ kó bọ́ nínú ìjà, ẹ tún un ṣe lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ.

Ẹnì kan dá mi lóhùn pé òun kà á pé T3 tó wálẹ̀ kò dára fún ẹni tó ní kókó ọpọlọ. Òótọ́ lẹ kà. Ní 2013 àwọn oníwádìí kan ní Lithuania gbé e jáde pé àwọn tí T3 wọn wálẹ̀ lásìkò iṣẹ́ abẹ kókó ọpọlọ, ara wọn ò yá bíi ti àwọn yòókù. Mo gbà á gbọ́. Ṣùgbọ́n èéfín ni T3 yẹn, ó ń sọ bí iná ṣe pọ̀ tó nínú ilé. Ẹni tó ń fẹ́ èéfín dànù kò tíì pa iná. Lójú tèmi, ẹni tí T3 rẹ̀ wálẹ̀ ni kí nọ́ọ̀sì àti ará ilé túbọ̀ ṣọ́: oúnjẹ rẹ̀, ibà, bó ṣe ń mí. Hóró táírọ́ìdì kọ́ ló kàn.

* * *

Ẹ ní kí n sọ ti cortisol. Ó pẹ́ kí n tó lè sọ ọ́ láìsunkún.

Gbági ni ẹ̀gbọ́n màmá mi ti ń ta aṣọ. Ohun tí a kọ́kọ́ rí ni pé wọ́n máa ń fi èjìká gbá èèyàn. Bí wọ́n bá ń rìn ní títì, ọ̀kadà tó ń bọ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́, wọn kì í rí i àfi tó bá dé iwájú wọn. A rò pé awò ni. Dókítà ojú ló fi ìka méjì sí ẹ̀gbẹ́ ojú wọn lọ́tùn-ún àti lósì, tó bi wọ́n pé mélòó, tí wọn ò rí ọ̀kankan. Kókó pituitary ti gòkè, ó ti tẹ ibi tí iṣan ojú méjèèjì ti pàdé. Wọ́n gba ihò imú yọ ọ́. Ojú là. A dúpẹ́.

Ọdún kan lẹ́yìn rẹ̀ ni àárẹ̀ dé. Òtútù, ìgbẹ́ líle, gbogbo ohun tí àbúrò Mọ́níyà kà sílẹ̀ yìí náà ni. Ibì kan ṣe free T4, ó wálẹ̀ gan-an, wọ́n sì ṣe dáadáa láti ronú kàn án. Wọ́n kọ levothyroxine 100 microgram fún wọn lọ́jọ́ náà. Kò sẹ́ni tó ṣe cortisol. Èmi tí mò ń ṣiṣẹ́ ní láàbù wà ní ìdí wọn, mo mú ìwé náà lọ́wọ́, n kò sì bèèrè. Mo ti kà á nílé ìwé. N kò bèèrè.

Ọjọ́ kẹsàn-án, ọjọ́ Sátidé, mo bá wọn lórí àga nínú pálọ̀. Ife ẹ̀kọ mímu wà nílẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ ẹsẹ̀ wọn, wọn ò tíì mu ju ẹnu kan lọ, ó ti dì. Wọ́n ti bì lẹ́ẹ̀mẹta. Ọwọ́ wọn tutù, ó lómi, bí ẹja tí wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé látinú yìnyín. Wọ́n ní kí n jẹ́ káwọn sùn. Nígbà tí a gbé wọn dé ọsibítù, ìfúnpá wọn jẹ́ 70 lórí 40. Dókítà ọmọdébìnrin kan tó wà lẹ́nu iṣẹ́ lálẹ́ ọjọ́ náà bèèrè ẹ̀ẹ̀kan péré bóyá wọ́n ti ṣiṣẹ́ abẹ pituitary rí, kò sì dúró de láàbù. Ó gba ẹ̀jẹ̀, ó fi hydrocortisone, cortisol tí wọ́n ṣe ní oògùn, 100 milligram sínú iṣan wọn, ó so omi. Kó tó di òru, wọ́n lajú, wọ́n bi mí pé ta ló ti ilẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù.

Ohun tó ṣẹlẹ̀ nìyí. Pituitary tí kò lè rán TSH mọ́ lè má lè rán iṣẹ́ sí ẹran orí kíndìnrín tó ń ṣe cortisol mọ́. Nígbà tí táírọ́ìdì bá falẹ̀, ara á máa falẹ̀ lo cortisol, ìwọ̀nba tó wà á máa tó o fà. Bí ẹ bá wá da T4 sí i lójijì, ara á jí, á lo ìwọ̀nba cortisol yẹn tán. A kì í fi ẹ̀tẹ̀ sílẹ̀ pa lápálápá: cortisol ni kí wọ́n kọ́kọ́ yẹ̀ wò. Bí ó bá wálẹ̀, hydrocortisone á ṣáájú, levothyroxine á tẹ̀ lé e lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan.

Ẹni tó bá sì ti ń lo dexamethasone tàbí prednisolone, àwọn oògùn tó ń ṣiṣẹ́ bíi cortisol, fún ọ̀sẹ̀ púpọ̀, ẹ má dá a dúró lójijì. Ara rẹ̀ ti gbàgbé bí wọ́n ṣe ń ṣe cortisol.

* * *

Ìdí tí ìwé láàbù méjì kì í fi bára mu, tí ẹ̀yin mẹ́ta ń bá ara yín jà lé lórí:

Àkọ́kọ́, oògùn wárápá. Púpọ̀ nínú àwọn tó ní kókó ọpọlọ ló ń lo phenytoin tàbí carbamazepine. Méjèèjì máa ń mú kí ẹ̀dọ̀ tètè run T4, nọ́ńbà T4 á wálẹ̀ nínú ìwé, TSH á sì wà láàárín. Lórí ìwé, ó jọ ti pituitary tó kú gẹ́lẹ́. Nítorí náà ẹ kọ gbogbo oògùn tó ń lò sórí fọ́ọ̀mù kí wọ́n tó gba ẹ̀jẹ̀. Fọ́ọ̀mù tí wọn ò kọ nǹkan kan sí ló ń wọlé sọ́dọ̀ wa jù, ó sì máa ń dùn mí. Ẹni tó sì ti wà lórí levothyroxine tí wọ́n wá fi phenytoin kún un, ìwọ̀n rẹ̀ lè nílò kí wọ́n gbé e sókè.

Èkejì, biotin. Ó wà nínú oògùn irun àti èékánná tí àwọn obìnrin ń rà, ó máa ń tan àwọn ẹ̀rọ kan jẹ, TSH á wálẹ̀ lórí ìwé, free T4 á gòkè, irọ́ sì ni. Àjọ tó ń rí sí oògùn ní Amẹ́ríkà kìlọ̀ nípa rẹ̀ ní 2017. Ẹ fi í sílẹ̀ fún ọjọ́ méjì ó kéré tán ṣáájú àyẹ̀wò.

Ẹ̀kẹta, ìwọ̀n láàbù kan yàtọ̀ sí ti òmíràn. Bí ẹ bá ti bẹ̀rẹ̀ ní ibì kan, ẹ máa lọ síbẹ̀.

* * *

Ẹ̀gbọ́n tó ní kí wọ́n ta ilẹ̀ kí wọ́n gbé e lọ sí Íńdíà: mo mọ̀ pé ìfẹ́ ló fà á. Ṣùgbọ́n ẹ̀jẹ̀ ni ọ̀rọ̀ yìí ń bèèrè lọ́wọ́ lọ́wọ́, kì í ṣe ọkọ̀ òfuurufú. Iṣẹ́ abẹ ọpọlọ kì í sì í ṣe àjèjì ní Ìbàdàn. Latunde Odeku, ọmọ Awẹ́, ọmọ Nàìjíríà àkọ́kọ́ tó di oníṣẹ́ abẹ ọpọlọ, ti Amẹ́ríkà padà wálé ní 1962, UCH ló sì ti bẹ̀rẹ̀ iṣẹ́ náà. Ó kú ní 1974, kò tíì pé ọdún 50. Inú mi máa ń bàjẹ́ bí àwa ará ìlú yìí ò bá mọ orúkọ rẹ̀. Ohun tó ṣẹ́ kù fún wa kì í ṣe ọ̀bẹ. Ọdún mẹ́wàá tó tẹ̀ lé iṣẹ́ abẹ ni, ta ló ń pè wọ́n padà, ta ló ń gba ẹ̀jẹ̀ wọn.

* * *

Fídíò tí ẹ ń pín kiri, pé levothyroxine ń bọ́ kókó ọpọlọ, ẹ jẹ́ ká yẹ̀ ẹ́ wò dáadáa, nítorí òótọ́ díẹ̀ wà nínú rẹ̀, ìyẹn ló sì ń mú kó léwu.

Nínú ìgò láàbù, T4 máa ń lẹ̀ mọ́ ara glioma, kókó tó ń hù látinú ẹran ọpọlọ fúnra rẹ̀, á sì mú kó pọ̀ sí i. Ní 2003, àwọn dókítà kan ní Amẹ́ríkà fi oògùn mọ̀ọ́mọ̀ rẹ táírọ́ìdì àwọn tí glioma líle wọn ti padà wá sílẹ̀, wọ́n fi tamoxifen, oògùn jẹjẹrẹ ọmú, kún un. Àwọn tí táírọ́ìdì wọn rẹlẹ̀ lóòótọ́ pẹ́ láyé ju àwọn tí tiwọn kò rẹlẹ̀ lọ. Fídíò náà dúró síbẹ̀.

Kò sọ fún yín pé èèyàn 22 péré ni wọ́n. Kò sọ pé glioma tó ti padà ni, tó yàtọ̀ pátápátá sí kókó pituitary. Kò sọ pé táírọ́ìdì àwọn wọ̀nyẹn ń ṣiṣẹ́ kí wọ́n tó rẹ̀ ẹ́ sílẹ̀, àti pé dókítà ń ṣọ́ wọn. Àbúrò tó kọ̀wé pé òun ti torí fídíò yìí gba oògùn lọ́wọ́ màmá òun, ìyá yín tí pituitary rẹ̀ ti bàjẹ́ kò ní T4 tó pọ̀ tó tí ẹ fẹ́ gbà lọ́wọ́ rẹ̀. Bí ẹ bá gba hóró náà, ọkàn á máa lọ́ra, ara á máa tutù, títí á fi sùn tí kò ní í jí.

Ohun tí mo gbà fún wọn: ẹni tó ní glioma, tí free T4 rẹ̀ dára, kí ẹnikẹ́ni má fún un ní levothyroxine torí pé ó rẹ̀ ẹ́. Ibẹ̀ ni òótọ́ fídíò yẹn mọ. Àbúrò, oògùn tí ẹ ti gbà lọ́wọ́ màmá yín látìjẹta, ẹ dá a padà fún wọn lónìí.

* * *

Ẹni tó bèèrè bóyá gàrí lè fa gẹ̀gẹ̀: bẹ́ẹ̀ ni, ẹ̀gẹ́ tí wọn ò rẹ dáadáa lè dá kún gẹ̀gẹ̀ níbi tí áyódíìnì ò ti tó lára. Kò kan ọ̀rọ̀ yìí. Iyọ̀ tó ní áyódíìnì tí ẹnì kan ní kí ẹ̀gbọ́n yín máa lá kò lè dá ohùn ọ̀gá padà. Gẹ̀gẹ̀ ò yọ lọ́rùn rẹ̀, kò sì ní í yọ.

* * *

Mo fẹ́ fi ọ̀kan kún un tí kì í jẹ́ kí n gbàgbé pé TSH náà níyì, kí ẹ má baà rò pé mò ń tàbùkù rẹ̀.

Ọmọbìnrin kan, ẹni ọdún 24, ẹ̀fọ́rí, nǹkan oṣù tó dáwọ́ dúró, MRI ní pituitary rẹ̀ wú. Wọ́n ti fún un lọ́jọ́ iṣẹ́ abẹ. Àyẹ̀wò ṣáájú iṣẹ́ abẹ ló gbé ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ dé ọ̀dọ̀ mi. Ẹ̀rọ kọ ọ́ pé TSH ju 100 lọ. Mo rò pé ẹ̀rọ ló ń ṣe wéréwèré, mo tún un ṣe, ó tún jáde bẹ́ẹ̀, free T4 fẹ́rẹ̀ẹ́ má sí. Mo tẹ dókítà láago kí ìwé tó gbẹ. Kò ní kókó. Táírọ́ìdì rẹ̀ ló ti kú, pituitary wá ń pariwo tọ̀sán-tòru débi pé pituitary fúnra rẹ̀ wú. Levothyroxine ni wọ́n fún un, MRI tí wọ́n ṣe lẹ́yìn oṣù mélòó kan fi hàn pé wíwú náà ti lọ. Ta ló máa gba imú ọmọ yẹn wọlé bí kò bá sí TSH? Nítorí náà méjèèjì ni, TSH àti free T4, kò sí èyí tó lè dá rìn fún ẹni tí nǹkan wà lórí rẹ̀.

* * *

Lórí lílo hóró levothyroxine, mi ò ní fa ọ̀rọ̀ gùn:

Òwúrọ̀, inú òfìfo, omi lásán, kí ẹ dúró fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan kí ẹ tó jẹun. Ọ̀gì sóyà àti wàrà sóyà tí a fẹ́ràn láti fún aláìsàn ní Ìbàdàn máa ń dí i lọ́wọ́, ẹ jẹ́ kó di ọ̀sán. Oògùn ẹ̀jẹ̀ tó ní irin, kálísíọ́mù, àti oògùn ọgbẹ́ inú tó funfun yẹn, wákàtí mẹ́rin ni kó wà láàárín wọn.

Ẹ̀gbọ́n tó ń gbààwẹ̀ Ramadan: ẹ lè lò ó lálẹ́ tí ẹ bá fẹ́ sùn, bí ó bá ti tó wákàtí mẹ́ta tí ẹ jẹun. Ṣùgbọ́n bí hydrocortisone bá wà pẹ̀lú rẹ̀, ẹ bá dókítà sọ̀rọ̀ kí oṣù tó lé, ìyẹn ò ṣeé dá ṣe.

Ẹni tó rí 0.1 mg lórí páálí dípò 100 microgram, ọ̀kan náà ni méjèèjì. Kẹ́míìsì ò yí oògùn yín padà. Ẹ má sì gbé páálí rẹ̀ sí ojú fèrèsé, oòrùn máa ń bà á jẹ́.

* * *

Àbúrò Mọ́níyà padà kọ̀wé láàárọ̀ yìí:

Ẹ ṣeun, a ti gba èsì. Free T4 jẹ́ 6.1, láàbù náà kọ 12 sí 22 sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. TSH 1.7. Cortisol àárọ̀ 58, wọ́n ní ó kéré jù. Dókítà ti fún un ní hydrocortisone, ó ní lọ́sẹ̀ tó ń bọ̀ ni levothyroxine máa bẹ̀rẹ̀. Ìyàwó rẹ̀ sunkún. Kí la máa ṣọ́?

* * *

Ẹ kú ìfaradà. Ẹ bá mi kí ìyàwó.

Ẹ ṣọ́ ìtọ̀ rẹ̀ lọ́sẹ̀ yìí. Bí pituitary bá ti bàjẹ́ gan-an, hydrocortisone lè fi ohun tó fara pa mọ́ hàn, kó bẹ̀rẹ̀ sí í tọ̀ lemọ́lemọ́, kí òùngbẹ má jẹ́ kó sùn. Bí ó bá ń kún ike lóru, ẹ pe dókítà, oògùn rẹ̀ wà.

Ẹ ní kí dókítà kọ ọ́ sílẹ̀ fún yín bí ẹ ṣe máa fi hydrocortisone kún un lọ́jọ́ tí ibà bá mú un, àti ohun tí ẹ máa ṣe bí ó bá ń bì tí hóró ò dúró. Ẹ kọ ọ́ sórí páálí, kó wà nínú àpò rẹ̀ pé kò ní cortisol. Ẹ̀gbọ́n màmá mi ní tiwọn nínú pọ́ọ̀sì títí dòní. Ẹ bèèrè họ́mónù ọkùnrin náà lọ́wọ́ dókítà, kì í sábà ṣẹ́kù bí méjì yìí bá ti lọ.

Bí levothyroxine bá bẹ̀rẹ̀, ẹ má retí ìyanu lọ́jọ́ kẹta. T4 máa ń pẹ́ lára, ọ̀sẹ̀ kan ni ìdajì rẹ̀ fi ń lọ, nítorí náà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́fà sí mẹ́jọ ni kí ẹ tún free T4 ṣe, ní àárọ̀ kí ó tó lo ti ọjọ́ náà. Òkè ìdajì ìwọ̀n láàbù ni ẹ ń wá, nǹkan bíi 17 sí 22. TSH rẹ̀ á wálẹ̀, ó lè fẹ́rẹ̀ẹ́ kan òdo. Ẹnì kan á rí i, á ní oògùn ti pọ̀ jù, kí ẹ dín in kù. Ẹ fi ìwé iṣẹ́ abẹ rẹ̀ hàn án, kí ẹ ní free T4 ni wọ́n ń wò fún un.

Bí èsì kejì bá jáde, ẹ kọ nọ́ńbà méjèèjì síbí, kí ẹ sì sọ fún mi bóyá ó ti bọ́ súwẹ́tà yẹn.